Ìdílé Ẹja Kan tí ó Jẹ́ Orúkọ Mẹ́ta

Àwọn àgbà a máa sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ibú òkun jìn, ó sì ṣókùnkùn. Ta ni yóò wo ilé ẹja tí ó ń gbé níbẹ̀? Ìdí nìyí tí ìdílé ẹja kan fi jẹ́ orúkọ mẹ́ta fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ọdún 1895, onímọ̀ méjì ará Amẹ́ríkà, Goode àti Bean, ṣe àpèjúwe ẹja kan tí ẹnu rẹ̀ tóbi, tí ojú rẹ̀ sì kéré púpọ̀. Ó ń gbé níbi tí ó jìn ju 1000 mítà lọ, níbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í dé. Ìrísí rẹ̀ jọ ti àbùùbùtán, nítorí náà wọ́n pe ìdílé rẹ̀ ní Cetomimidae. Ẹlẹ́nu-ńlá nìyẹn.

Ní ọdún 1956, ìdílé mìíràn gba orúkọ: Mirapinnidae. Ẹja kéékèèké ni wọ́n, nítòsí ojú omi ni a ti ń rí wọn. Àwọn kan nínú wọn ní ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀já, tí ó gùn ju ara wọn lọ. Onírù-gígùn nìyẹn. Ní ọdún 1966, ìdílé kẹta jáde: Megalomycteridae, onímú-ńlá.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọra rárá. Síbẹ̀, ohun kan ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Gbogbo ẹlẹ́nu-ńlá tí wọ́n yẹ̀ wò jẹ́ abo. Gbogbo onímú-ńlá jẹ́ akọ. Gbogbo onírù-gígùn jẹ́ ọmọ tí kò tíì bàlágà. Níbo ni ọkọ àwọn abo wà? Ta ni ìyá àwọn ọmọ?

Nínú ara gbogbo ohun abẹ̀mí ni àmì àjogúnbá kan wà, tí à ń pè ní ADN. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ ní Jàpáànì rí i pé ADN onírù-gígùn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti ẹlẹ́nu-ńlá. Ní ọdún 2009, Dave Johnson ará Amẹ́ríkà, John Paxton ará Ọsirélíà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn parí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n rí ẹja tí ara rẹ̀ ń yí padà lọ́wọ́. Ìdílé kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ọmọ, akọ àti abo.

Báyìí ni ìgbésí ayé wọn rí. Ọmọ ń gbé láàrin ojú òkun àti 200 mítà sísàlẹ̀. Ó ń jẹ àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ó jọ edé. Bí ó bá dàgbà, yóò sọ̀kalẹ̀ sínú ibú, ara rẹ̀ yóò sì yí padà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ onírù ti ń di ọ̀pọ̀lọ́. Bí ó bá jẹ́ abo, ẹnu rẹ̀ yóò gbòòrò, kí ó lè gbé ohun ńlá mì. Bí ó bá jẹ́ akọ, kò ní jẹun mọ́ títí yóò fi kú. Ọ̀nà ọ̀fun àti ikùn rẹ̀ yóò pòórá. Oúnjẹ tí ó jẹ ní ìgbà èwe wà ní ìpamọ́ nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tí ó tóbi. Òun ni yóò fi gbé ara ró.

Lónìí, Cetomimidae nìkan ni orúkọ ìdílé náà, nítorí òun ni ó ṣáájú. Láti ọdún 1895 dé 2009 jẹ́ ọdún 114. Bẹ́ẹ̀ ni ó pẹ́ tó kí ọmọ tó rí ìyá, kí ìyá sì tó rí ọkọ nínú ìwé àwọn onímọ̀.