‘Ta ni yóò máa gbọ́mọ?’ Ìbéèrè tí wọn kì í bi bàbá ìkókó

Ẹnikẹ́ni tó bá rí ọkùnrin kan lọ́gbà ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ kan nílùú Ọ̀yọ́, tó pọn ìkókó sẹ́yìn, tó ń jó kiri lábẹ́ igi máńgòrò bí ẹni tí wọ́n sà sí, kó má ṣe rò pé orí ẹ̀ ti dàrú o. Èmi ni. Ìyàwó mi ló wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣe íńtáfíù fáwọn tó fẹ́ gbaṣẹ́ olùkọ́, ọmọ wa ò sì tíì ju ọ̀sẹ̀ méje lọ.

Ògbómọ̀ṣọ́ là ń gbé. Aago mẹ́fà ìdájí la wọkọ̀ ní Tákíè, nítorí aago mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fi pè é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀nà téèyàn ń gbé ìkókó gbà ṣeré: ọkọ̀ àjàgbé níwájú, ọkọ̀ àjàgbé lẹ́yìn. Dẹ́rẹ́bà wò wá nínú díńgí, ó ní, “Ìyá ìkókó, ẹ kú ewu o. Ṣé ẹ̀ ń gbé e lọ sọ́dọ̀ màmá yín ni?” Ìyàwó mi ní rárá, iṣẹ́ lòun ń wá lọ. Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́ lọ gbári.

Àwọn aládùúgbò ti sọ tiwọn ṣáájú. Wọ́n ní kó sinmi, iṣẹ́ ò ní tán láyé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gba dìgírì ẹlẹ́ẹ̀kejì, tó ṣì ń kọ́ ọmọ níléèwé aládàáni fún owó tí kò tó jẹun, mọ̀ pé bí irú àyè bẹ́ẹ̀ bá bọ́, ó di ọjọ́ mìíràn ọjọ́ ire.

Aago mẹ́sàn-án lù, wọn ò pè é. Ó di mẹ́wàá, ó di mọ́kànlá. Á jáde wá fọ́mọ lọ́mú, á tún sáré padà kí wọ́n má lọ pe orúkọ ẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Aago kan ku díẹ̀ ni wọ́n tó pè é wọlé. Ọmú ti kún, omi ẹ̀ sì ti gba ara bùbá jáde. Ìborùn ló fi bò ó.

Gbogbo ohun tó máa sọ nípa iṣẹ́ ẹ̀ ló ti tò sílẹ̀ lọ́kàn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ò kan ọ̀kankan níbẹ̀. Ọ̀gá kan wo ìborùn náà, ó ní, “Madam, ẹ kú ewu ọmọ. Tá a bá gbà yín, ta ni yóò máa gbọ́mọ?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, oṣù tó ṣáájú ìyẹn lèmi náà lọ fún íńtáfíù iṣẹ́ olùkọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá ọmọ yìí kan náà ni mí. Mo tiẹ̀ sọ fún wọn pé ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Bàbá ìkókó, Ọlọ́run á wò ó,” ni wọ́n bá bọ́ sórí ìwé ẹ̀rí mi. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ẹni tó ń gbọ́mọ. Wọ́n ti gbà pé ẹnì kan wà nílé. Ẹni ọ̀hún ló wá jókòó níwájú ìgbìmọ̀ l’Ọ́yọ̀ọ́ yìí.

Òfin ò ṣàì mọ̀ pé obìnrin ń bímọ. Òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti 2021 fún ìyá ọmọ tuntun ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 16, owó oṣù ẹ̀ á sì pé. Lọ́dún 2022, wọ́n fáwọn bàbá náà ní ọjọ́ 14. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn wà fún. Ẹni tó ń wáṣẹ́ tòun tìkókó ò ní ìsinmi kankan tó lè béèrè. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kọ́mọ mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà. Agbanisíṣẹ́ lè ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èwo ni kó mú níbẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ ò ní kóbìnrin má mọ̀wé. Ìyá ọmọ ni Felicia Adetowun Ogunsheye, tó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1973.

Ẹ gbọ́ èsì tíyàwó mi fún ọ̀gá yẹn: “Ẹni tó ń gbé e báyìí náà ni, sà. Ó wà lábẹ́ máńgòrò níta.” Màmá kan láàárín wọn yọjú lójú fèrèsé, ó rí mi tòun ti ọ̀já, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká bi í léèrè iṣẹ́ ẹ̀ jàre.” Ìgbà yẹn ni íńtáfíù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n gbà á. Ìyá mi wá bá wa gbé, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ sì ni tèmi. Ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá jókòó sídìí tábìlì yẹn lọ́la, bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ń gbọ́mọ, kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá ẹ̀ bá wọlé, ẹ bi òun náà.