Etí Nìkan Kọ́ Ni Rédíò, Ó Ń Ké

Lóko kòkó lágbègbè Omifunfun, ẹni tó bá ń wá Adaba FM ti Àkúrẹ́ á mú rédíò rẹ̀, á rọra yí bọ́tìnì títí abẹ́rẹ́ á fi dé 88.9. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ńṣe ló ń dẹ etí rédíò sí Àkúrẹ́. Kò tán síbẹ̀. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń yí gan-an ni igbe kan tí rédíò fúnra rẹ̀ ń ké nínú lọ́hùn-ún.

Sákíìtì kékeré kan ló ń ké e. Bí abẹ́rẹ́ bá ti dé 88.9, iná inú rẹ̀ á máa lọ, á máa bọ̀, ní ìgbà 99,600,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mílíọ̀nù 99.6 nìyẹn, mílíọ̀nù náà sì ni 88.9 ti Adaba ń kà. Rédíò á po méjèèjì pọ̀. Ẹ yọ 88.9 kúrò nínú 99.6, 10.7 ló kù. Bó bá jẹ́ Positive FM, 102.5, lẹ fẹ́, igbe náà á gòkè sí 113.2, 10.7 náà ló sì tún máa kù. Ìyàtọ̀ yìí nìkan ni ìyókù rédíò ń gbọ́, ìdí nìyẹn tó fi mọ̀ ọ́n dunjú. Kòkó lè ti oko ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, orí ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ń gbé e sí.

Edwin Armstrong, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣe ìhùmọ̀ yìí lọ́dún 1918 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ológun ní Paris.

Báwo wá ni iná ṣe ń ké? Ẹ rántí òde àríyá, nígbà tí olórin bá gbé makirofóònù sún mọ́ sípíkà jù. Ohùn tó jáde á padà wọlé, á tún jáde, á tún wọlé, á máa ga sí i títí á fi di igbe tí gbogbo èèyàn á fi ọwọ́ di etí. Ohun tí Armstrong fi iná ṣe nìyẹn lọ́dún 1912, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Columbia, ní New York. Ó bu díẹ̀ nínú iná tó ń jáde, ó dá a padà sí ẹnu ọ̀nà. Ohùn tó jìnnà réré wá dún ketekete. Nígbà tó tún fi díẹ̀ kún un, sákíìtì bẹ̀rẹ̀ sí í ké fúnra rẹ̀.

Olùhùmọ̀ mìíràn, Lee de Forest, ní òun lòun ni ọgbọ́n yìí, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì gbè é lẹ́yìn lọ́dún 1934. Ẹjọ́ yẹn ṣì ń dùn mí. Armstrong fẹ́ dá mẹ́dàálì táwọn ẹnjiníà ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fún un tẹ́lẹ̀ padà. Wọ́n kọ̀, wọn ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Armstrong yìí náà ló gba ìwé-ẹ̀tọ́ FM lọ́dún 1933. Ẹni tó bá ti gbọ́ mídíọ̀mù wéfù lọ́jọ́ òjò ní Odigbo mọ oore tó ṣe wá: bí àrá bá ti ń sán, gbogbo ọ̀rọ̀ á di pàrà-pàrà. Mànàmáná máa ń sọ ìgbì di ńlá tàbí kékeré, inú títóbi ìgbì sì ni mídíọ̀mù wéfù ń kó ọ̀rọ̀ sí. Inú iye ìgbà tí ìgbì ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni FM ń kó tirẹ̀ sí.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé rédíò ń ké lóòótọ́, ẹ wá rédíò àtijọ́ méjì tó ní abẹ́rẹ́. Ẹ yí ọ̀kan sí 99.6, níbi tí kò sí ilé-iṣẹ́ kankan, kó máa ṣe ṣàà. Ẹ gbé èkejì tì í, kẹ́ ẹ rọra yí i lọ sí tòsí 88.9. Ṣàà yẹn á dákẹ́ lójijì. Ẹ pa èkejì, ṣàà á padà.