Nígbà tí èdè kọ̀ǹpútà méjì bá pàdé: ta ni yóò jẹ́ iṣẹ́ àṣìṣe?

Àwọn oníṣòwò Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ mọ ohun tí ààlà ń ṣe. Iye tí ẹnì kan dá ní sẹ̀fà, ẹni tó wà lódìkejì lè gbọ́ ọ ní náírà, kí ìjà sì bẹ̀rẹ̀. Irú ààlà bẹ́ẹ̀ wà nínú fóònù tó wà lọ́wọ́ yín pẹ̀lú. Níbẹ̀, èdè kọ̀ǹpútà méjì ló ń pàdé, ohun tó sì le jù láti gbé kọjá láàárín wọn ni ìròyìn pé nǹkan ti bàjẹ́.

Linux ni orúkọ ètò tó ń darí gbogbo fóònù Android láti ìsàlẹ̀. Linus Torvalds, ọmọ orílẹ̀-èdè Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991 nígbà tó ṣì ń kàwé ní yunifásítì. Èdè C, tí Dennis Ritchie ṣe ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2022, Linux 6.1 jáde, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún èdè tuntun kan tó ń jẹ́ Rust. Ìdí ni pé èdè C máa ń gba ẹni tó ń kọ ọ́ láyè láti fọwọ́ kan ibi tí kò yẹ nínú mẹ́mórì, ihò bẹ́ẹ̀ ni àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì sì máa ń gbà wọlé. Rust kì í gbà á láyè bẹ́ẹ̀.

Nọ́ńbà ni C fi ń dáhùn

Nínú Linux, bí apá kan bá rán apá kejì níṣẹ́ ní èdè C, nọ́ńbà ni ìdáhùn sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá jẹ́ 0, iṣẹ́ ti parí láìsí wàhálà. Bí ó bá jẹ́ -12, kò sí àyè mọ́ nínú mẹ́mórì. -13 ni pé ẹ kò ní àṣẹ, -2 sì ni pé fáìlì tí ẹ ń wá kò sí.

Ó rọrùn, ó sì yára. Àmọ́ kò sí ohun tó fi dandan lé e pé kí ẹni tó ránṣẹ́ wo ìdáhùn náà. Ó lè gbà á, kó jù ú sápò, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Èyí tó tún burú ni pé ìtumọ̀ nọ́ńbà máa ń yàtọ̀ láti ilé dé ilé. Ní oṣù Kínní ọdún 2009, wọ́n kéde àṣìṣe ńlá kan nínú OpenSSL, irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìkànnì fi ń yẹ òǹtẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ìdáhùn mẹ́ta ló wà: 1, òǹtẹ̀ náà dára; 0, kò dára; -1, àyẹ̀wò náà kò ṣeé ṣe rárá. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí wọn kò bèèrè ju “Ṣé 0 ni?” lọ. Bí -1 bá dé, wọ́n á ní kì í ṣe 0, wọ́n á sì gba òǹtẹ̀ náà wọlé. Òǹtẹ̀ tí wọn kò rí yẹ̀ wò di ojúlówó. Wọ́n ti tún un ṣe. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn tó ń sọ èdè kan náà, mélòó mélòó ni ti èdè méjì?

Aṣọ́bodè tó wà láàárín

Rust kì í fi nọ́ńbà lásán dáhùn. Ó máa ń di ìdáhùn sínú ẹrù kan tó ń jẹ́ Result. Tí ẹ bá tú u, Ok lẹ ó bá nínú rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ béèrè, tàbí Err pẹ̀lú ìdí tí kò fi ṣeé ṣe. Bí ẹ bá ju ẹrù náà nù láìtú u, ètò tó ń yí ohun tí ènìyàn kọ sí èdè ẹ̀rọ yóò kìlọ̀ fún yín.

Nítorí náà, wọ́n fi aṣọ́bodè sí ojú ààlà. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ to_result. Bí nọ́ńbà bá ti ọ̀dọ̀ C dé, òun ló ń wò ó: tí ó bá wà lábẹ́ 0, ó di Err, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di Ok. Iye tí wọ́n gbà ní nọ́ńbà àṣìṣe kò kọjá -1 sí -4095. Èyí tó bá ré kọjá ibẹ̀, wọ́n á kọ ìkìlọ̀ sínú ìwé, wọ́n á sì fi -22 rọ́pò rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ohun tí wọ́n mú wá kò bófin mu. Ẹni tó bá ń padà sí ọ̀dọ̀ C, wọ́n á tún Err rẹ̀ sọ di nọ́ńbà.

Igbe kan wà tí C kò gbọ́ rárá. Panic ni Rust ń pè é, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kọjá àtúnṣe. Tẹ́lẹ̀, bí igbe náà bá kọjá sínú C, kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí yóò já sí. Láti Rust 1.81, tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, bí ó bá dé ojú ààlà tí ẹnikẹ́ni kò mú un, ètò náà yóò dúró lójú ẹsẹ̀. Ó sàn kó dúró ju kó máa fi ìṣirò tó ti bàjẹ́ ṣiṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n Linux ló gbé gbogbo fóònù dúró. Bí ó bá dúró, gbogbo rẹ̀ ló dúró. Ìdí nìyẹn tí Torvalds fi kọ̀ jálẹ̀ ní ọdún 2021 pé àìsí àyè nínú mẹ́mórì kò gbọ́dọ̀ fa panic. Kí wọ́n dá Err padà, kí ẹni tó ránṣẹ́ pinnu ohun tó kàn.

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Láàárín ènìyàn, ọgbọ́n ni. Láàárín èdè kọ̀ǹpútà, ewu ni. Bí iṣẹ́ ṣe burú tó ni kí wọ́n jẹ́ ẹ.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ẹ̀yin tó ń fi fóònù sanwó ọjà. Bí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ tí ìdáhùn kò dé, ẹ má gbà pé ó ti lọ, ẹ má sì gbà pé kò lọ. Ẹ kọ́kọ́ wo iye tó kù àti àkọsílẹ̀ owó tó jáde, kí ẹ tó tún un fi ránṣẹ́. Bí nọ́ńbà àṣìṣe bá sì hàn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kí ẹ fi han ẹni tó máa bá yín tún un ṣe. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìkan ni ẹlẹ́rìí tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ààlà.