Kíbọ́ọ̀dù kékeré tó lè kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì

Bí ẹ bá gba káàdì ìpè síbi ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà l'Ékòó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ṣómólú ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ibùdó àwọn atẹ̀wé ni àdúgbò náà, títí dé Bàrígà. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i pé púpọ̀ nínú Yorùbá tó ń ti ibẹ̀ jáde kò ní àmì kankan. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ gbọ́ èdè náà dáadáa. Kíbọ́ọ̀dù Òyìnbó ni wọ́n ń lò, ó sì di kí wọ́n lọ ṣe àdàkọ lẹ́tà ẹ̀ kan ṣoṣo láti ibòmíràn. Oníbàárà ń kánjú, iná sì lè lọ nígbàkúgbà. Ta ló ráyè ìyẹn?

Àwọn kíbọ́ọ̀dù kékeré kan wà báyìí, irú èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò ju 61 lọ, tí ẹni tó ni ín lè tún ètò inú rẹ̀ ṣe. Firmware ni wọ́n ń pe ètò náà. Òun ló ń pinnu iṣẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. QMK, tí Jack Humbert bẹ̀rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan lára irú ètò bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹ lè fi àtàǹpàkò di bọ́tìnnì kan mú kí e di ẹ, kí o di ọ, kí s di ṣ, kí bọ́tìnnì méjì mìíràn sì máa fi àmì dò àti àmì mí sí i.

Ibi tó ta kókó nìyí. Kíbọ́ọ̀dù kì í fi lẹ́tà ránṣẹ́. Nọ́ńbà bọ́tìnnì ló ń fi ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà ló ń sọ ọ́ di lẹ́tà. Nínú Unicode, ìlànà tó ń fún àwọn lẹ́tà ní nọ́ńbà, nọ́ńbà ẹ ni 1EB9. Àmọ́ ẹ́ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀: 1EB9 ni, kí 0301 tó tẹ̀ lé e. QMK á bá yín tẹ nọ́ńbà wọ̀nyí wéréwéré, àmọ́ kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Lórí Windows, ẹ nílò ètò kan tó ń jẹ́ WinCompose. Lórí Mac, ẹ yan Unicode Hex Input. Fọ́ǹtì náà ṣe pàtàkì: èyí tí kò dára á gbé àmì sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà dípò orí rẹ̀. Ẹni tí èyí bá pọ̀ jù fún lè lo ètò ọ̀fẹ́ tí àwọn YorubaName, tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, ṣe fún Windows àti Mac.

Kíkọ firmware tuntun sínú kíbọ́ọ̀dù kò le. Bí chip rẹ̀ bá jẹ́ RP2040, ẹ tẹ BOOTSEL mọ́lẹ̀ bí ẹ ti ń ki okùn USB bọ kọ̀ǹpútà. Dírááfù kan tó ń jẹ́ RPI-RP2 á yọ. Ẹ ju fáìlì UF2 tí firmware náà wà nínú rẹ̀ síbẹ̀, ó parí. Bí iná bá lọ lágbedeméjì ńkọ́? Ẹ má fòyà. Ètò tó ń gba firmware wọlé wà nínú ROM, kò ṣeé pa rẹ́. Ẹ kàn tún un ṣe nígbà tí iná bá dé.

Ẹ̀yin tẹ ẹ ni ilé ìtẹ̀wé, kí ẹ tó náwó, ẹ wo àkójọ QMK bóyá orúkọ kíbọ́ọ̀dù tí ẹ fẹ́ rà wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ má rà á fún iṣẹ́ yìí.