Fọ́tò gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí nínú Ọ̀ràn Oyún Ṣíṣẹ́

Ní oṣù kẹrin 1973, ìwé ìròyìn Ms. ní Amẹ́ríkà tẹ fọ́tò òkú obìnrin kan tí oyún ṣíṣẹ́ ní bòńkẹ́lẹ́ pa ní 1964. Fọ́tò náà ru àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin sókè. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ni ó yà á, kò sì sí orúkọ obìnrin náà níbẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni Laia Abril, ọmọ Barcelona, gbà nínú On Abortion, iṣẹ́ tí ó di ìwé ní 2018. Ó ya irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣẹ́ oyún láyé àtijọ́. Ó ya àwọn obìnrin tí ó yè, ó sì to ìtàn wọn mọ́ fọ́tò. Irinṣẹ́ fi ewu hàn láìsí òkú. Ìtàn fi ẹni tí ewu bá hàn. Nípa báyìí, obìnrin kì í ṣe ohun àwòkẹ́dùn lásán mọ́. Ó di ẹlẹ́rìí.