Ta ló ni iṣẹ́ ìwádìí tí olùkọ́ Fásitì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, nígbà tí Liberia ṣì ń bá àrùn Ebola jà, ọ̀gá àgbà dókítà ní ilé iṣẹ́ ètò ìlera orílẹ̀-èdè náà, Bernice Dahn, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé ìròyìn New York Times.

Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìkìlọ̀ ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1982. Àwọn olùwádìí láti Yúróòpù ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Liberia wò, wọ́n rí àmì Ebola lára àwọn kan, wọ́n sì kọ ọ́ sínú jọ́nà Annals of Virology pé ó yẹ kí wọ́n ka Liberia mọ́ àwọn ibi tí àrùn náà ń gbé. Àmọ́ kò sí ọmọ Liberia kankan lára àwọn tó kọ àpilẹ̀kọ náà, àwọn aláṣẹ ètò ìlera níbẹ̀ kò sì mọ̀ pé ó wà.

Nígbà tí wọ́n wá mọ̀, dọ́là 45 ni wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ san. Nǹkan bí owó iṣẹ́ ìdajì ọ̀sẹ̀ ni èyí jẹ́ fún dókítà ní Liberia. Ebola pa èèyàn tó lé ní 4,800 ní orílẹ̀-èdè náà. Tí a bá ka Guinea àti Sierra Leone mọ́ ọn, àwọn tó kú lé ní 11,300.

Owó nìkan kọ́ ló fa ọ̀rọ̀ yìí o. Kódà ká ní ọ̀fẹ́ ni, ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan wà kò ní wá a. Síbẹ̀, ìtàn náà gbé ìbéèrè kan dìde tó kan gbogbo olùkọ́ Fásitì láti Ìbàdàn dé Accra, láti Cotonou dé Dakar: lẹ́yìn tí èèyàn bá ti ṣe ìwádìí, tó sì kọ ọ́ tán, ta ló láṣẹ láti sọ ẹni tó lè kà á?

Ìwé tí ọ̀pọ̀ ń buwọ́ lù láì kà

Bó ṣe máa ń lọ nìyí. Olùkọ́ kọ àpilẹ̀kọ, ó fi ránṣẹ́ sí jọ́nà. Olótùú gbé e fún àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kì í sì í sábà san kọ́bọ̀ fún wọn. Wọ́n ní kó tún ibí ṣe, kó yọ tọ̀hún. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, lẹ́tà dé pé wọ́n ti gbà á. Tó bá jẹ́ pé ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ni olùkọ́ ń wá, ta ni yóò tún jókòó ka fọ́ọ̀mù tó tẹ̀lé lẹ́tà ayọ̀? Ó ti buwọ́ lù ú.

Fọ́ọ̀mù yẹn gan-an ni ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí kọpiráìtì, sábà máa ń gbà bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ iṣẹ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń tẹ jọ́nà. Òǹkọ̀wé kì í sábà gba owó kankan fún un. Láti ọjọ́ náà lọ, tó bá fẹ́ gbé àpilẹ̀kọ ara rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kó lò ó gẹ́gẹ́ bí orí kan nínú ìwé, ohun tí ilé iṣẹ́ náà bá fàyè gbà nìkan ló lè ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àsọdùn. Ní ọdún 2013, ilé iṣẹ́ Elsevier ní kí ìkànnì Academia.edu yọ nǹkan bí àpilẹ̀kọ 2,800 kúrò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí ìkànnì táwọn onímọ̀ ti ń pín iṣẹ́ ara wọn ni. Ní ọdún 2017, Elsevier àti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ResearchGate lọ sílé ẹjọ́ ní Jámánì lórí irú ọ̀rọ̀ kan náà. Ọdún 2023 ni wọ́n tó yanjú ẹ̀.

Èyí tó tún ká ọ̀pọ̀ lára ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2024, nígbà tí Informa, tó ni Taylor & Francis, kéde pé òun ti bá Microsoft ṣe àdéhùn kí wọ́n lè lo àwọn iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ òun fún ẹ̀rọ aláròjinlẹ̀ AI. Mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là ni owó àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ iṣẹ́ náà ló jẹ́ pé inú ìròyìn ni wọ́n ti gbọ́.

Kí ni òfin Nàìjíríà sọ?

Ní oṣù Kẹta ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Copyright Act 2022. Lábẹ́ òfin náà, kò di dandan kí èèyàn forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó di tirẹ̀. Ẹ̀tọ́ náà wà títí òǹkọ̀wé á fi kú, àti fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn náà.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo olùwádìí mọ̀: ẹnu lásán kò lè gbé ẹ̀tọ́ yìí fún ẹlòmíràn. Àfi kó wà nínú ìwé. Ìdí rèé tí fọ́ọ̀mù jọ́nà fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni pé tí òǹkọ̀wé bá tiẹ̀ ti gbé e sílẹ̀, ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ lórí iṣẹ́ náà ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Bákan náà, òfin kì í dáàbò bo èrò tàbí àbájáde ìwádìí. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ló ń dáàbò bò. Ẹnikẹ́ni lè ka àpilẹ̀kọ kó sì fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ohun tó rí níbẹ̀, kó kàn má gbàgbé láti dárúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà.

Láísẹ́ǹsì tó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀

Àwọn kan gbà pé ọ̀nà mìíràn wà. Àjọ Creative Commons, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2001, gbé láísẹ́ǹsì àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2002. Mẹ́fà ni wọ́n báyìí. Òǹkọ̀wé kò sọ pé òun kò ni iṣẹ́ òun mọ́. Ńṣe ló ń sọ fún gbogbo ayé ṣáájú pé ẹ lè lò ó báyìí báyìí láì tún wá tọrọ àyè lọ́wọ́ òun.

Èyí tó ṣí jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni CC BY: ẹ pín in, ẹ yí i padà, ẹ tà á pàápàá, àmọ́ ẹ dárúkọ mi. Tí NC bá wọ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ jẹ́ fún èrè owó. Tí SA bá wọ̀ ọ́, ẹni tó bá yí i padà gbọ́dọ̀ fi irú láísẹ́ǹsì kan náà sórí tirẹ̀. Tí ND bá wọ̀ ọ́, ẹ lè pín in, àmọ́ ẹ ò lè pín èyí tí ẹ yí padà.

ND yìí gan-an ló yẹ kí Yorùbá fiyè sí, torí pé ìtumọ̀ sí èdè mìíràn wà lára ohun tí òfin kà sí yíyí padà. Tí olùkọ́ kan bá kọ àpilẹ̀kọ lórí ibà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó sì fi ND sí i, kò sẹ́ni tó lè gbé ìtumọ̀ rẹ̀ jáde ní Yorùbá, Haúsá tàbí Ewe láì tọrọ àyè. Ọ̀pọ̀ ló ń yan ND nítorí ìbẹ̀rù pé wọ́n á jí iṣẹ́ àwọn gbé. Àmọ́ BY nìkan ti sọ ọ́ di dandan kí wọ́n dárúkọ wọn, àti pé kí ẹni tó bá yí i padà sọ pé òun yí i padà. NC náà lè kó iyèméjì bá ilé iṣẹ́ rédíò aládàáni tó ń ta ìpolówó, tó sì fẹ́ ka irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí afẹ́fẹ́.

Àpẹẹrẹ wà nílẹ̀. Ní ọdún 2021, AfricArXiv, tó ń gba iṣẹ́ àwọn olùwádìí ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àti ẹgbẹ́ Masakhane kéde pé àwọn fẹ́ tú àpilẹ̀kọ 180 sí èdè mẹ́fà nílẹ̀ Áfíríkà. Yorùbá wà lára wọn, pẹ̀lú Haúsá, isiZulu, Amharic, Luganda àti Northern Sotho. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní rọrùn tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn títì ni àwọn àpilẹ̀kọ náà wà.

Ta ló ń san owó?

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le. Nígbà tí òǹkàwé kò bá sanwó mọ́, òǹkọ̀wé ni ọ̀pọ̀ jọ́nà ńlá ń yíjú sí. Nígbà tí Nature bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí lọ́dún 2021, Yúrò 9,500 ni wọ́n bù lé àpilẹ̀kọ kan. Olùkọ́ wo ní Fásitì ìjọba nílẹ̀ wa ló fẹ́ san ìyẹn nínú owó oṣù rẹ̀? Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń dín owó kù tàbí kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè tí kò lówó, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà.

Àwọn onígbàjúẹ̀ náà ti rí ọ̀nà wọlé, wọ́n ń gbowó, wọn kì í sì í yẹ iṣẹ́ kankan wò kí wọ́n tó gbé e jáde.

Gates Foundation, tó máa ń sanwó fún àwọn tó bá ṣonígbọ̀wọ́ fún, ti dáwọ́ rẹ̀ dúró láti oṣù Kínní ọdún 2025. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ báyìí ni kí àwọn olùwádìí gbé iṣẹ́ wọn síta kí jọ́nà tó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì ní CC BY lórí. Àwọn jọ́nà kan tún wà tí kì í gbowó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tàbí òǹkàwé. Ẹ lè rí lára wọn lórí African Journals Online ní South Africa, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998, àti nínú àkójọ DOAJ.

Kí ẹ tó buwọ́ lù ú

Ẹ̀dà àpilẹ̀kọ kì í ṣe ọ̀kan. Èyí tí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ wà, èyí tó tún ṣe tí jọ́nà sì gbà wà, èyí tí ilé iṣẹ́ tò lẹ́wà tó sì fi àmì rẹ̀ sí náà wà. Ọ̀pọ̀ jọ́nà tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀dà kẹta máa ń fàyè gba òǹkọ̀wé láti gbé ẹ̀dà kejì sínú àká iṣẹ́ Fásitì rẹ̀, nígbà mìíràn lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ìkànnì Open Policy Finder, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Sherpa Romeo, ni èèyàn ti lè wo ohun tí jọ́nà kọ̀ọ̀kan gbà láàyè. Ọ̀fẹ́ ni.

Òǹkọ̀wé tún lè fi àfikún ìwé àdéhùn tí àjọ SPARC ṣe mọ́ fọ́ọ̀mù jọ́nà, láti sọ pé òun fi àwọn ẹ̀tọ́ kan pamọ́ fún ara òun. Ilé iṣẹ́ náà lè kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá sì ti fi CC sórí iṣẹ́ rẹ̀ kò lè padà wá sọ fún àwọn tó ti gbà á lọ pé kí wọ́n má lò ó mọ́. Nítorí náà, tí àwọn mẹ́ta bá jọ kọ àpilẹ̀kọ kan, ó yẹ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fẹnu kò lórí láísẹ́ǹsì tí wọ́n fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó tẹ bọ́tìnì.