ÌWÉ ÌTỌ́NI INÚ KỌ̀ǸPÚTÀ NÍ ÈDÈ YORÙBÁ

Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní ọdún 1859. Aké tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ kò jìnnà sí Ìbarà, ṣùgbọ́n ọmọ Ìbarà tí ó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lónìí, Gẹ̀ẹ́sì ni ó sábà fi ń ka ìwé ìtọ́ni rẹ̀.

Nínú ètò Unix, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie pilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn àṣẹ ní ojú ìwé ìtọ́ni tiwọn láti oṣù kọkànlá ọdún 1971. Ẹni tí ó bá ń fi Emacs kọ̀wé kò níláti kúrò nídìí iṣẹ́ kí ó tó kà á: yóò di bọ́tìnì Alt mú, yóò tẹ x, yóò kọ man, lẹ́yìn náà orúkọ àṣẹ. Bí ojú ìwé Yorùbá bá wà nínú àpò tí à ń pè ní /usr/share/man/yo, tí a sì ti yan Yorùbá fún kọ̀ǹpútà, òun ni yóò kọ́kọ́ wá. Bí kò bá sí, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò jáde. Àyè wa ti wà níbẹ̀.

Ìtumọ̀ gan-an ni iṣẹ́. Ẹ wo rm, àṣẹ tí í pa fáìlì rẹ́. Nípa àmì -f, Gẹ̀ẹ́sì wí pé “never prompt”. Ẹni tí ó bá rò pé “prompt” níbẹ̀ ni kíákíá yóò kọ “má ṣe kánjú”. Òǹkàwé yóò rò pé àmì náà ń ṣọ́ òun, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé kọ̀ǹpútà kò ní béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó pa fáìlì rẹ́. Àpilẹ̀kọ oyè lè bá a lọ! (Orúkọ àṣẹ ní tirẹ̀ kò ṣe é túmọ̀: rm ni rm ní èdè gbogbo.)

Àmì ohùn ńkọ́? “Ó kọ fáìlì náà” yàtọ̀ sí “ó kọ̀ fáìlì náà”. Síbẹ̀, ẹnì kan lè tẹ ọ kí ó tó fi àmì ohùn lé e, ẹlòmíràn lè tẹ ò kí ó tó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ọ̀kan náà ni lójú wa, ṣùgbọ́n bí a bá ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, ẹ̀rọ lè rí ọ̀kan kí ó fo èkejì. Kí àwọn olùtumọ̀ fi ẹnu kò sí ọ̀nà kan.

Ètò po4a a máa gé ojú ìwé sí ìpínrọ̀ ìpínrọ̀, Gẹ̀ẹ́sì lókè, àyè Yorùbá nísàlẹ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá yí padà, yóò sàmì sí ìpínrọ̀ náà kí a lè tún un wò. Bí a kò bá yí ìlànà rẹ̀ padà, kò ní gbé ojú ìwé jáde títí a ó fi túmọ̀ ìdá 80 nínú 100. Ti rm kò gùn. Ẹgbẹ́ wa lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.